Oṣù mẹ́jọ mi ní jíìmù ìjà ẹ̀ṣẹ́ kan ní Iléṣà

Àgbàlá ilé kan lápá Ìṣọ̀kùn ni jíìmù náà wà, wọ́n fi páànù bo ìdajì rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lóṣù, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, a kì í gbọ́ ohùn kóòṣì mọ́. Àpò méjì péré ni a ń lù, iyanrìn inú ọ̀kan sì ti wọ̀ sídìí, ó le bí òkúta nísàlẹ̀: ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ẹ ra báńdéèjì tí a ń dì mọ́wọ́ tiyín, àti èyí tí a ń fi sẹ́nu nítorí eyín.

Ṣùgbọ́n kóòṣì yẹn mọṣẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Okùn ni mo ń fò, ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí n sinmi ìṣẹ́jú kan, bí ó ṣe máa ń rí nínú ìjà gan-an. Ó ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá dúró, irọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń pa.

Bí a bá ń di báńdéèjì, ó máa ń sọ ìtàn Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, fáwọn ọmọdé, bó ṣe na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà n'Ìbàdàn lọ́dún 1963. Fullmer kò jáde fún ráùndì kẹjọ. Kóòṣì á wá ní: "Ẹni tó ti jókòó, ìjà ti tán lára rẹ̀. Ẹ má kàn án mọ́."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, báńdéèjì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún 2009, mo kan àbúrò mi ní ẹ̀ṣẹ́ létí òsì nítorí ọ̀kadà bàbá wa. Etí náà kò gbọ́ràn mọ́ látìgbà náà. Gbogbo ẹni tó bi mí ni mo ń sọ fún pé a jà ni. A ò jà. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹun.

N kò sọ fẹ́nì kankan, àfi ìgbà tí kóòṣì fi èmi àti ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kojú ara wa. Ẹ̀ṣẹ́ mi bà á létí, lórí akoto tó dé. Ó gbọn orí bí ẹni tí omi kó sí létí. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo jáde. Kóòṣì tẹ̀lé mi dé ìdí kànga, ó bi mí pé: "Ta lo rí?" Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní, "Àpò mi kò lè bá ọ tọrọ àforíjì. Lọ bá a."

Mo lọ bá àbúrò mi n'Òṣogbo lọ́jọ́ Sátidé. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni mo jókòó sí, kó lè gbọ́ mi. Mo ní, "O jókòó ni. Ìjà kọ́." Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí ìyàwó rẹ̀ bu omi wá fún ẹ̀gbọ́n òun.

Mo ṣì ń lọ sí jíìmù náà. Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá ni pé kò sí àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ní yìnyín nílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń lu orí àti etí ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti sọ fún kóòṣì pé èmi ni màá ra àpótí náà lóṣù tó ń bọ̀.