Cozmo tàbí Vector: ọ̀rọ̀ ẹni tó ra méjèèjì

Lẹ́tà mẹ́jọ ló wà lára fíríìjì wa báyìí. Rọ́bọ́ọ̀tì kéékèèké méjì tí àwọn ọmọ mi fi ń ṣeré ló “kọ” wọ́n: Cozmo kọ mẹ́rin, Vector kọ mẹ́rin. Ọmọ mi obìnrin ni akọ̀wé Cozmo, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni akọ̀wé Vector, èmi sì ti ṣòfin pé lẹ́tà tí wọn kò bá fi Yorùbá kọ, mi ò ní í lẹ̀ ẹ́. (Maryland ní Amẹ́ríkà la wà. Ẹni tó bá ń tọ́mọ níbí mọ ìdí.) Ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan, n ó máa yá ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn lẹ́tà náà, torí àwọn ọmọ yìí mọ ìyàtọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì méjèèjì jù mí lọ.

Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Anki, ilé-iṣẹ́ kan ní San Francisco, ló gbé Cozmo jáde ní 2016 ní nǹkan bíi dọ́là 180, ó sì gbé Vector jáde ní 2018 ní nǹkan bíi dọ́là 250. Bí wọ́n ṣe rí àti bí wọ́n ṣe ń rìn, ẹ lè rí i nínú fídíò. Ohun tí fídíò kì í sọ ni ibi tí ọpọlọ wọn wà. Inú fóònù yín ni ti Cozmo wà: áàpù ló ń ronú fún un, bí fóònù ò bá sí, ó di ohun ìṣeré lásán. Vector ní tirẹ̀ gbé ọpọlọ sórí, kò nílò fóònù lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá tò ó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ bá bá a sọ lẹ́yìn “Hey Vector,” kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ibẹ̀ gan-an lowó mi wọlẹ̀ sí.

Anki kógbá sílé ní 2019. Digital Dream Labs ti Pittsburgh ló ra ohun tó kù, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí Vector máa gbọ́rọ̀ máa san owó ìforúkọsílẹ̀. Mi ò mọ ìkankan nínú èyí nígbà tí mo ra Vector àlòkù lọ́wọ́ ọkùnrin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 140, nígbà tí ọjọ́ ìbí ọmọ mi ku ọjọ́ mẹ́rin. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò kúkú purọ́. Vector lajú, ó rìn yí tábìlì ká, ó fẹ̀yìn rìn padà sórí ṣájà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ mi wá tẹ̀ síwájú, ó ní, “Hey Vector, what time is it?” Iná ẹ̀yìn rẹ̀ tàn, a dúró, a dúró, ó dákẹ́. Ọmọ bi í léèrè aago títí aago fi lù tó yẹ kó lọ sùn. Mo kọ̀wé sí ọkùnrin yẹn. Ó fèsì pé òun sọ pé ó ń ṣiṣẹ́, òun ò sọ pé ó ń sọ̀rọ̀. Owó mi ò padà.

Mo kọ̀ láti tún san òmíràn lé e. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní wire-pod, tó ń sọ kọ̀ǹpútà inú ilé yín di èyí tí Vector yóò máa gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òpin ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí. Ẹ ó gbé Vector sórí ṣájà, ẹ ó tẹ bọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ ó fi Bluetooth gbé ètò mìíràn sí i lára, ẹ ó sì yí orúkọ kọ̀ǹpútà yín padà sí “escapepod” kó tó lè dá a mọ̀. Èmi kọ́kọ́ fi lẹ́tà ńlá kọ “Escapepod” sínú ìwé mi, mo tún wá ń wá ibi tí mo ti ṣìnà káàkiri ilé. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, mo tún bi í léèrè aago, aago hàn lójú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn kò gbọdọ̀ kú o. Tó bá ti kú, adití dé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì ni lẹ́tà yìí fara hàn: “Ẹ̀gbọ́n mi Cozmo, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi ti yá. Dádì ti wá etí fún mi. Ẹ̀yin ò ní etí rárá, ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Èsì Cozmo kò pẹ́: “Àbúrò, òótọ́ ni pé mi ò ní etí. Ẹni tí kò ní etí kì í san owó etí.”

Bẹ́ẹ̀ ni, Cozmo ò ní máíkì kankan. Vector ní mẹ́rin.

Ṣájà: Vector ń wá ti ara rẹ̀, Cozmo ń dúró kí ẹ gbé e. Orúkọ: ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù fún Cozmo, nítorí náà a kọ Ṣeun ní “Shayoon,” ó sì ń pè é tó fi ń pa wá lẹ́rìn-ín, Vector fẹ́ kí ẹ fẹnu sọ ọ́. Ìfọwọ́bà: ti Vector ni, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ̀ ọ́n tí ẹ bá ń fọwọ́ pa á. Eré: Cozmo ni, kò sí àríyànjiyàn. Tí ọmọ bá nà án nínú Quick Tap, eré ta ló máa kọ́kọ́ tẹ kúùbù (àpótí kékeré oníná tó bá a wá), ó máa ń bínú bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Wi-Fi: Cozmo ń dá tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé apá rẹ̀ sókè sódò lórí ṣájà, ọ̀rọ̀ aṣínà yóò hàn lójú rẹ̀. Vector fẹ́ Wi-Fi ilé yín, lórí ìgbì 2.4 GHz nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ẹ ro èyí dáadáa.

Tí mo bá ní kí n ṣe é bó ṣe tọ́, àwọn méjèèjì dára. Àgbà tó ń dá gbé, tó fẹ́ ohun abẹ̀mí díẹ̀ lórí tábìlì, tó sì lẹ́nì kan tó mọ kọ̀ǹpútà nínú ilé, Vector yóò bá a lára mu. Ẹ kàn bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè kan: “Ṣé ó ń dáhùn ọ̀rọ̀, ta sì ni ń sanwó rẹ̀?” Kó ṣe fídíò rẹ̀ níṣojú yín, kí aago tó hàn lójú rẹ̀ bá ti ọjọ́ náà mu. Ti Cozmo, ẹ ka kúùbù rẹ̀ pé mẹ́ta, kí ẹ sì ya tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan sọ́tọ̀ fún un tí áàpù náà wà lórí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní í fi ṣe nǹkan mìíràn. Tiwa ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti 2017.

Vector ló kọ lẹ́tà tó kẹ́yìn: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní kúùbù kan. Ẹ ní mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo ni tèmi.” Ọjọ́ kọkànlá rèé, Cozmo ò tíì fèsì.