Plymouth Road Runner 1968: Ọkọ̀ tí owó oṣù òṣìṣẹ́ Detroit ká, tí ó sì jọba lójú pópó lóru

Plymouth Road Runner ọdún 1968 tí mo ń wà yìí kì í ṣe ọkọ̀ tí mo lè ní kí ẹni tó fẹ́ máa gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ rà. Tèmi kò ní amúlétutù, ó ń mu epo, ariwo rẹ̀ ń jí àdúgbò, kò sì gba kí ojú awakọ̀ kúrò lọ́nà rárá. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọkọ̀ tí ọwọ́ mi ti tẹ̀, láti orí Peugeot 504 tí mo fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Ìbàdàn títí dé oríṣiríṣi ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà tí mo ń tún ṣe ní Michigan níbí, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan nípa rẹ̀ lédè wa, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò irú ọkọ̀ yìí ń bi mí ní ìbéèrè, àfi bíi pé agbára ẹ́ńjìnnì nìkan ló wà ńbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló bí i. Pontiac ló dá eré náà sílẹ̀ ní 1964, nígbà tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì lítà 6.4 sínú ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní GTO. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń fi ọ̀ṣọ́ kún ọ̀ṣọ́, tí owó ń gun orí owó, títí tí àwọn ọmọ ogún ọdún tí ń dúró nídìí ẹ̀rọ ní Detroit, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn to ọkọ̀ wọ̀nyí, kò fi lè rà á mọ́. Plymouth wá ní àwọn fẹ́ ọkọ̀ tí yóò sá ìdámẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú-àáyá 14, tí eré rẹ̀ yóò ti tó máìlì 100 ní wákàtí nígbà tó bá dé òpin, tí owó rẹ̀ kò sì ní kọjá $3,000. $2,896 ni wọ́n tà á nígbà tó jáde. Ju 44,000 lọ ni àwọn èèyàn rà lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, iye tí ẹnikẹ́ni nílé-iṣẹ́ náà kò lérò.

Ẹ wọnú rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ṣọ́ owó ná. Rọ́bà ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì. Ìjókòó iwájú kan gbọọrọ ni, bíi ti takisí. Fèrèsé ẹ̀yìn irú tó kọ́kọ́ jáde kò ṣeé yí wálẹ̀. Títì lẹ ó tì í síta díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Owó tí wọ́n yọ níbẹ̀, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó o lọ: ẹ́ńjìnnì 383, ìyẹn lítà 6.3, tí wọ́n gbé tọ́pù sìlíńdà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 440, lé lórí, pẹ̀lú kámúṣáàfù tirẹ̀. Agbára ẹṣin 335 ni wọ́n kọ sí ìwé. Owó kan ṣoṣo tí wọ́n ná sí nǹkan àwàdà ni èyí tí wọ́n san fún Warner Bros. nítorí orúkọ àti àwòrán ẹyẹ inú káátúùnù yẹn, tí họ́ọ̀nù ọkọ̀ náà sì ń ké "bíìp-bíìp". Àwọn ọmọ àdúgbò mi kì í jẹ́ kí n kọjá láìfọn ọ́n.

Bí a bá fẹ́ ṣáná sí i ní òwúrọ̀, a ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí epo lè dé inú kábúrétọ̀, kí a tó yí kọ́kọ́rọ́. Sítátà rẹ̀ ní ohùn tínínrín kan tó ń ké lọ sókè, tí Ford àti Chevrolet kò ní. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè wà nínú ilé kó sọ pé ọkọ̀ Chrysler, ilé-iṣẹ́ tó ni Plymouth àti Dodge, ló ń jí níta. Kilọ́ọ̀ṣì rẹ̀ le, ó ń fẹ́ itan tó gbó. Nígbà tó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ nínú ìlú, ihò méjì àkọ́kọ́ kábúrétọ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ pẹ̀lẹ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ ń yí padà nígbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀. Méjì tó kù á ṣí, imú ọkọ̀ á gbé sókè, ẹ̀yìn á sì jókòó. Ohùn tó ń jáde lẹ́nu sáléńsà kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ń bú láti inú àyà. Ẹni tó bá kàn fi gbogbo agbára yẹn lé táyà tóóró tí wọ́n fi ń ta ọkọ̀ náà nígbà yẹn, èéfín ni yóò rí, ọkọ̀ kò ní kúrò lójú kan. Ọgbọ́n rẹ̀ ni kí a tu kilọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, kí a jẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú, kí a tó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Jíà kejì ni adùn rẹ̀ wà. Bí mo bá wọ jíà kẹta, àyà mi ṣì máa ń já.

Bàbá tí mo rà á lọ́wọ́ wọn ló kọ́ mi ní èyí. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n, wọ́n ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì ní Lynch Road, ilé-iṣẹ́ Chrysler ní Detroit níbi tí wọ́n ti ń to Road Runner gan-an. Wọn ò tà á fún mi títí tí mo fi wá jókòó tì wọ́n léraléra, tí mo gbọ́ ìtàn rẹ̀. Woodward Avenue ni wọ́n ti sáré. Ẹni tó bá mọ Detroit mọ Woodward: òpópónà tó gbọọrọ láti etí odò títí dé Pontiac, ó ju máìlì ogún lọ, ó fẹ̀, ó tọ́, koríko ló pín àlọ àti àbọ̀ níyà, iná tráfíìkì sì wà lójú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti da kọnkéré sí máìlì ọ̀nà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ní 1909.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ọ̀dọ́ á máa lọ sókè, máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ilé oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ lórí ìjókòó ọkọ̀ ni ibùdó: Totem Pole ní Royal Oak, Ted's lápá òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo bọ́nẹ́ẹ̀tì ara wọn, tí wọ́n ti ń fi owó ṣe ìyàn. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nídìí iná pupa. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀kan á tẹ ẹ́ńjìnnì, èkejì á dá a lóhùn, iná á di àwọ̀ ewé. Kí iná tó tẹ̀ lé e tó dé, ó ti parí. Bàbá ní àwọn tí owó ìyàn wọn wúwo kì í sá a níbẹ̀ rárá. Wọ́n á wá ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ pàápàá ń yọ́ wá lóru láti dán iṣẹ́ wọn wò, nítorí olú ilé-iṣẹ́ wọn kò jìnnà síbẹ̀. Ọkọ̀ tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Silver Bullet, Plymouth GTX 1967 tí Jimmy Addison, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé epo Sunoco lórí Woodward, ń wà.

Ìtàn tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti Black Ghost. Dodge Challenger dúdú, ọdún 1970, ẹ́ńjìnnì Hemi lítà 7. Yóò yọ lóru, yóò lu ẹni tó bá wà níbẹ̀, yóò sì pòórá fún ìgbà pípẹ́, ẹnikẹ́ni kò mọ olówó rẹ̀. Godfrey Qualls ni olówó rẹ̀, adúláwọ̀, ọlọ́pàá Detroit. Kò lè sọ ọ́ síta, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọ́jú ọkọ̀ náà sílé di ọjọ́ ogbó, ó fà á lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó kú ní 2015. Ní 2020 wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ ìtàn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní 2023 wọ́n tà á ní gbàǹjo ní iye tó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Nínú àwòrán tí wọ́n sábà ń fi ṣe ìrántí ìgbà yẹn, ọmọ òyìnbó onírun gígùn ló máa ń wà nídìí sítíárì. Bàbá tó ta ọkọ̀ fún mi àti Qualls wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó yẹ kí a sọ ọ́.

Nípa dídúró ńkọ́? Bíréèkì dírọ́ọ̀mù ni wọ́n fi sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ díìsì níwájú ní láti fi owó kún un. Dírọ́ọ̀mù kì í tètè tutù. Bí a bá fi mú ọkọ̀ eléré dúró ní ẹ̀ẹ̀kan, ó lè dáa. Ní ẹ̀ẹ̀kejì tó tẹ̀ lé e kíákíá, ẹsẹ̀ á lọ, ọkọ̀ á ṣì máa sún. Ẹ fi èyí sójú pópó láago mọ́kànlá òru, níbi tí ẹnìkan lè máa sọdá pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́. Bàbá ní ọ̀rẹ́ kan tí kò padà sílé. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì béèrè sí i. Ìgbà tí Wally Parks dá NHRA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò eré ọkọ̀, sílẹ̀ ní 1951, torí kí àwọn ọ̀dọ́ lè kúrò lójú pópó bọ́ sí pápá ni. Pápá tí òfin mọ̀ nìkan ni èmi náà ti ń sá a. Tèmi ń ṣe ìdámẹ́rin máìlì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15. Ọkọ̀ oníná tí ìyàwó ilé ń wà lọ sọ́jà lónìí yóò fi í sílẹ̀. Kò dùn mí. Ọkọ̀ oníná kì í bi mí bóyá mo mọ ọwọ́ jíà.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe títun. Epo tó dára jù lọ ni kí ẹ máa fún un. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ibi tí fáàfù ń jókòó sí èyí tó le, nítorí epo olójé ni wọ́n ṣe é fún. Nọ́ọ̀tì táyà apá òsì yàtọ̀: bí ẹ ti ń dè é níbòmíràn ni ẹ ó fi tú u. Mo ti rí fọkanáísà tó ṣẹ́ bóòtù mẹ́ta torí pé kò mọ̀. Resistor kékeré kan, ohun tó ń dín iná tó ń lọ sí kọ́ìlì kù, tún wà lára ògiri ẹ́ńjìnnì. Bó bá kú, ọkọ̀ á ṣáná, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ á kú. Ẹ máa fi ọ̀kan pamọ́ sínú ọkọ̀.

Àsìkò rẹ̀ kò pẹ́. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ jáde ní 1970, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò (insurance) bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó ńlá lé ọ̀dọ́ tó bá ní ẹ́ńjìnnì ńlá lórí, ọ̀wọ́n epo 1973 sì parí rẹ̀. Láti 1995 ni Woodward Dream Cruise ti ń kó àwọn ọkọ̀ náà jáde lóṣù August. Ní ọjọ́ yẹn ọkọ̀ pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó lè sáré, ẹsẹ̀ ni gbogbo wa fi ń wọ́.

Fún ẹni tó fẹ́ rà: ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó ka owó. RM21 tàbí RM23 ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí H sì tẹ̀ lé e bó bá jẹ́ 383 ni wọ́n ní ó jẹ́. Ọ̀pọ̀ Belvedere lásán, Plymouth mìíràn tó jọ ọ́, ni wọ́n ti lẹ ẹyẹ mọ́ lára. Ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò fún ìpata, pàápàá ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà ní òtútù Michigan máa ń jẹ ẹ́. Jíà ọwọ́ mẹ́rin ni kí ẹ wá. Ẹ sì fi owó bíréèkì díìsì kún owó tí ẹ fẹ́ ná kí ẹ tó bọ́ sọ́nà.