Wẹ́ẹ̀jì 56 lórí ilẹ̀ Ifẹ̀

Wẹ́ẹ̀jì yìí, igi gọ́ọ̀fù tí ojú rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn ní dígírì 56, tí báọ̀nsì rẹ̀ (bí ìdí rẹ̀ ṣe yọ sísàlẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ) jẹ́ dígírì 12, dára gan-an lásìkò òjò, nígbà tí koríko Ilé-Ifẹ̀ bá kún tí ilẹ̀ sì rọ̀. Ìdí rẹ̀ tó yọ kì í jẹ́ kó rì wọlẹ̀. Àmọ́ tí ọyẹ́ bá dé, tí ilẹ̀ pupa le kokoko, ìdí yẹn kan náà ló ń ta padà: ẹnu igi á gbá ikùn bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á sì sáré kọjá gíríìnì, ìyẹn ibi koríko kúkúrú tí ihò wà. Báọ̀nsì 8 ló yẹ nígbà náà.

Tí ẹ bá ń fi igi yìí gbá bọ́ọ̀lù nítòsí gíríìnì, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì súnmọ́ra, kí àlàfo wọn má ju ìbú bàtà kan lọ. Ẹ fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ara yín lé ẹsẹ̀ tó wà níhà ihò, kí bọ́ọ̀lù wà láàárín. Ẹ má ti ọwọ́ síwájú jù o! Ohun tó ń mú igi hú ilẹ̀ ṣáájú bọ́ọ̀lù nìyẹn.