"Bí A Kò Bá Borí, Ẹ Kò Ní San Kọ́bọ̀": Ohun Tí Mo Rí Lọ́wọ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Tó Bá Mi Gba Owó Gbà-Máà-Bínú Nítorí Ẹ̀yìn Mi

Ní oṣù 16 sẹ́yìn, mo gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mi tó ṣèṣe níbi iṣẹ́ lé ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan lọ́wọ́ ní London, irú àwọn tó ń polówó pé bí àwọn kò bá borí, oníbàárà kò ní san kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà parí lóṣù tó kọjá. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, nítorí ohun tí mo rí lọ́wọ́ wọn ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe mọ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lùwé.

Olùtọ́jú àwọn arúgbó ni mí. Lóru ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹni tó yẹ kí á jọ ṣiṣẹ́ kò wá, bátìrì ẹ̀rọ tí a fi ń gbé àwọn tí kò lè dá dìde sì ti kú. Bàbá kan yọ̀ bọ́ sílẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ki apá méjèèjì bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, mo gbé e, nǹkan kan sì dún kà ní ìbàdí mi. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ló là mí lójú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má tíì lọ sílé o. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìjàǹbá kí máníjà tó dé." Ìlà mẹ́rin péré ni mo kọ: ọjọ́ àti aago, pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, pé ẹ̀rọ kò ní iná, àti ibi tó ń dùn mí. Nígbà tí mo délé, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́jọ ló bá mi bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ yin àwọn agbẹjọ́rò náà, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni n ó yìn. Obìnrin tó gbé fóònù fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ọdún mẹ́ta ni òfin fún ẹni tó fara pa láti gbé ẹjọ́ dé kóòtù, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìjàǹbá, tàbí láti ọjọ́ tó mọ̀ pé iṣẹ́ ló fà á, fún àwọn tí ẹ̀yìn wọn ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òfin ọdún 1969 ló sọ ìdójútòfò (insurance) di dandan fún agbanisíṣẹ́, ìdójútòfò náà kò sì gbọdọ̀ dín ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn, nítorí náà owó náà kì í jáde láti àpò máníjà. Ọ̀rọ̀ yìí fi mí lọ́kàn balẹ̀, torí pé ìwé agbanisíṣẹ́ ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa wá sí Ìlú Ọba, ìbẹ̀rù físà sì ń mú ká máa fi Robb pa ẹ̀yìn, ká sì tún múra iṣẹ́. Ó tún là á yé mi pé láti oṣù kẹwàá ọdún 2013, kò tó kí á sọ pé agbanisíṣẹ́ rú ìlànà. A ní láti fi hàn pé ó jáfara. Ìlànà gbígbé ẹrù ti ọdún 1992 kò sọ iye kílò tí ènìyàn lè gbé. Ohun tó ń bèèrè ni bóyá a lè yẹra fún fífi ọwọ́ gbé e rárá, bí kò bá sì ṣeé yẹra fún, kí ni ọ̀gá ṣe láti dín ewu rẹ̀ kù. Ìlà kẹta tí mo kọ sínú ìwé ìjàǹbá ló dáhùn ìbéèrè yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 30 ni adójútòfò, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò agbanisíṣẹ́ mi, ní láti fi sọ bóyá ó gbà pé ẹ̀bi wà lọ́rùn agbanisíṣẹ́. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní mo ti buwọ́ lu ìwé pé wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń gbé ènìyàn, kò sì yẹ kí n dá a gbé. (Ṣé kí n fi bàbá náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ ni?) Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́rin kọjá tí ẹnikẹ́ni kò pè mí. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fáìlì mi gba ọwọ́ wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì ní kí n tún gbogbo ìtàn náà sọ. Dókítà tí wọ́n rán mi sí ní kí n bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀. Orúnkún ni mo lè dé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ gbà, àmọ́ ìwé tó kọ péye. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìlera mi pé ẹ̀yìn ti dùn mí rí lẹ́yìn tí mo bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àkọsílẹ̀ yẹn fi wà lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò mi, síbẹ̀ adójútòfò ló kọ́kọ́ rí i, ó sì fi já owó lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

9,600 pọ́n-ùn ni wọ́n fi parí rẹ̀ láìdé kóòtù: 6,000 fún ìrora, 3,600 fún owó iṣẹ́ tí n kò rí gbà. Adójútòfò ló san èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, àmọ́ òfin tún gbà wọ́n láyè láti mú owó àṣeyọrí tí kò ju ìdá 25 nínú 100 lọ nínú owó ìrora àti owó tó ti sọnù. Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí tí a bá gbà fún ìpàdánù ọjọ́ iwájú. Wọ́n mú 25 náà pé pérépéré, ìyẹn 2,400 pọ́n-ùn, wọ́n sì yọ 400 fún ìdójútòfò tí wọ́n rà nítorí bí a bá pàdánù. 6,800 ló dé ọwọ́ mi. Wọn kò purọ́ fún mi, nítorí ó wà ní ojú ìwé kọkànlá àdéhùn wa, èyí tí mo buwọ́ lù lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó dúnàá dúrà pẹ̀lú àwọn agbẹjọ́rò tirẹ̀ san ìdá 15 nínú 100.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọ̀kan lọ nítorí oṣù mẹ́rin tí fóònù kò dún, ọ̀kan lọ nítorí àkọsílẹ̀ tí wọn kò kà. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, n ó padà sọ́dọ̀ wọn, àmọ́ n ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí fáìlì mi yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye tí wọn yóò mú, n ó sì jókòó sídìí tábìlì ilé mi ka ojú ìwé kọkànlá.