Oògùn inú mélì àbí fámásì Bissonnet? Bí mo ṣe rí méjèèjì ní Houston rèé

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Houston níbí, tí inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ yín ti ń fi lẹ́tà da yín láàmú pé kẹ́ ẹ máa gba oògùn BP àti ṣúgà nínú mélì, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí mo ti lo èyí tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, mo sì ń lo fámásì kékeré kan tí kò jìnnà sílé wa ní títì Bissonnet. Tèmi ni pé oògùn tẹ́ ẹ ti ń lò tipẹ́, tí kì í yí padà, tí ooru díẹ̀ ò sì lè bà jẹ́, ẹ jẹ́ kó máa bá mélì bọ̀. Ìyókù, ẹ lọ gbà á níbi tí ẹnì kan á ti wo ojú yín.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi ti mélì fún un. Metformin tèmi (ti ṣúgà) àti amlodipine bàbá àwọn ọmọ (ti BP), ti oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa ń kó wá lẹ́ẹ̀kan náà, owó tá à ń san lápò ara wa sì kéré sí ká máa lọ rà á lóṣooṣù. Ẹni tó ń ṣe ṣíìfù alẹ́, tó jẹ́ pé ìgbà tí fámásì bá ṣí lòun ń sùn, nǹkan ńlá nìyẹn jẹ́ fún un. Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ yìí. Àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, mélì ni ìjọba fi ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn wọn lọ bá wọn nílé. Amazon náà ti wọ̀ ọ́, wọ́n ra PillPack ní 2018, wọ́n sì ṣí Amazon Pharmacy ní 2020. Torí náà ẹni tó bá ń sọ pé jìbìtì ni gbogbo oògùn inú mélì, ẹ má dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ insulin, oògùn ṣúgà tí mo máa ń gún, ló wá dá ìjà sílẹ̀. Insulin tá ò tíì ṣí, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, láàárín 36 sí 46 Fahrenheit. Èyí tá a bá ti ń lò, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè wà níta fún nǹkan bí ọjọ́ 28, àmọ́ ooru ibẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 86 lọ. Houston ní August ńkọ́? Kó tó di ọ̀sán la ti máa ń kọjá 86! Iléeṣẹ́ mélì tí inṣọ́ránsì wa yàn fún wa (mi ò ní dárúkọ wọn) fi tèmi sínú páálí tí wọ́n fi fóòmù funfun tẹ́ nínú, wọ́n sì kó yìnyín inú ọ̀rá sí i, ibẹ̀ yẹn ò burú. Àmọ́ ẹni tó gbé e wá ò kanlẹ̀kùn, ó gbé e kalẹ̀ síbi tí oòrùn ti ń mú jù lẹ́nu ọ̀nà, ó ya fọ́tò ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí mo máa fi ti ibi iṣẹ́ dé, yìnyín ti domi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn pẹ́ẹ̀nì insulin yẹn sì gbóná lọ́wọ́ mi bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀. Ojú lásán ò sì lè mọ insulin tí ooru ti bà jẹ́ o, ó lè ṣì mọ́ gaara, ìgbà tó o bá gún un tí ṣúgà ẹ ò wálẹ̀ lo máa tó mọ̀.

Mo pè wọ́n. Ẹ̀rọ ló gbé e, ó ní kí n tẹ 1, ó ní kí n tẹ 4, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin dá mi lára yá, ìgbà tí èèyàn wá jàjà bá mi sọ̀rọ̀, ó ní fọ́tò fi hàn pé ọjà ti dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní ṣé mo sọ fún yín pé kò dé ni, mo ní ó ti jinná! Kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọ́n fi òmíì ránṣẹ́ níkẹyìn, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni kí n máa gún kó tó dé? Obìnrin tó ni fámásì Bissonnet ló yọ mí, òun ló dúró lórí fóònù, tó bá àwọn inṣọ́ránsì fà á títí wọ́n fi gbà kó fún mi ní ìwọ̀nba tí mo máa lò dìgbà yẹn.

Fámásì yìí ò lẹ́wà rárá, ẹ jẹ́ n tètè sọ. Ṣọ́ọ̀bù tóóró ni, àga méjì péré, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ń pariwo, Robb àti Aboniki wà lórí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tylenol, wọn kì í ṣí ní Sunday, oògùn ikọ́ ọmọdé tiwọn sì wọ́n ju ti Walmart lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni obìnrin náà, ìyẹn ò sì lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí èèyàn wa kún àdúgbò yẹn fọ́fọ́ títí dé Alief.

Ohun tó jẹ́ kí n fi ọkàn tán an ni ti ikọ́ bàbá àwọn ọmọ. Dókítà ti fi lisinopril kún oògùn BP ẹ̀, mélì sì gbé ti oṣù mẹ́ta wá. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ikọ́ gbígbẹ tí kì í jẹ́ ká sùn lóru, tí kò sì ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kankan nínú. A rò pé AC ló fà á. Ó mu atalẹ̀, ó mu oyin, ó mu omi gbígbóná títí, ikọ́ ò lọ. Ọjọ́ tó lọ gba oògùn ojú ọmọ ní Bissonnet, ibi tó ti ń wá káàdì inṣọ́ránsì nínú pọ́ọ̀sì ló ti húkọ́ níwájú káńtà, ni obìnrin náà bá gbójú sókè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ikọ́ yẹn ti pẹ́ lára yín? Oògùn BP wo lẹ̀ ń lò sà?” Bó ṣe dárúkọ lisinopril báyìí, obìnrin náà ní ó lè jẹ́ òun ló ń fa ikọ́ yẹn, pé ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. “Ẹ má kàn fi sílẹ̀ fúnra yín o, ẹ jẹ́ ká pe dókítà.” Dókítà yí i sí losartan, nígbà tó yá ikọ́ lọ.

Iléeṣẹ́ mélì ńkọ́? Ètò tó ń fi oògùn ránṣẹ́ fúnra ẹ̀ ò gbọ́ pé ohunkóhun yí padà, wọ́n tún kó lisinopril oṣù mẹ́ta míì wá, wọ́n sì ti yọ owó wọn nínú káàdì. Ẹ máa ní ká dá a padà, wọn ò lè gbà á, torí oògùn tó bá ti kúrò lọ́wọ́ fámásì kò ṣeé tà fún ẹlòmíì mọ́. Ìyẹn yé mi, àmọ́ kò dùn mọ́ mi.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ló dé tí inṣọ́ránsì fi ń tì wá sí mélì tó bẹ́ẹ̀. Owó ni jàre. Àwọn alárinà kan wà láàárín inṣọ́ránsì àti fámásì, àwọn mẹ́ta tó tóbi jù, CVS Caremark, Express Scripts àti Optum Rx, ló ń bójú tó nǹkan bí 80 nínú 100 ìwé oògùn nílẹ̀ yìí. FTC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò, ló kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn ní 2024. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní fámásì mélì lábẹ́ ilé kan náà. Ṣé wọ́n á wá darí yín sí Bissonnet? Obìnrin wa yìí sọ fún mi pé àwọn oògùn míì wà tó jẹ́ pé iye tí wọ́n ń dá padà fún òun ò tó iye tóun fi rà á. Àwọn ńlá náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn, Walgreens fúnra wọn sọ ní October 2024 pé àwọn máa ti ṣọ́ọ̀bù 1,200 pa láàárín ọdún mẹ́ta.

Ẹni tí kò ní inṣọ́ránsì rárá, tiyín yàtọ̀. Ẹ yẹ Cost Plus Drugs wò, ti olówó ńlá tó ń jẹ́ Mark Cuban, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà láti 2022, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ síta gbangba pé iye tí wọ́n ra oògùn nìyí, èrè 15 nínú 100 lé e, owó apòògùn àti owó mélì sì tún wà níbẹ̀. Walmart náà ní oògùn 4 dọ́là látọdún 2006. Ẹ fi méjèèjì wéra kẹ́ ẹ tó sanwó, torí owó mélì lè jẹ́ kí èyí tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú wọ́n ju ti Walmart lọ.

Ẹ má sì gbàgbé ìjì o. Nígbà tí Beryl jà ní July 2024, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí iná lọ lọ́dọ̀ wọn níbí, ta ló fẹ́ máa dúró de páálí nírú àsìkò yẹn? Òfin Texas gba apòògùn láyè, tí gómìnà bá ti kéde pàjáwìrì, láti fún èèyàn ní oògùn tó tó ọgbọ̀n ọjọ́ bí kò bá rí dókítà bá sọ̀rọ̀. Káńtà lẹ ti máa rí ìyẹn gbà.

Máàkì tèmi: mélì, 3 nínú 5, fámásì Bissonnet, 4 nínú 5, ọ̀rọ̀ Sunday yẹn ni mo fi yọ ọ̀kan. Kẹ́ ẹ tó gba lẹ́tà inṣọ́ránsì gbọ́, ẹ pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, ẹ bi wọ́n bóyá ètò yín gbà kẹ́ ẹ kọ mélì, kẹ́ ẹ sì bèèrè iye tí oṣù mẹ́ta máa jẹ́ ní fámásì àdúgbò, nígbà míì kì í yàtọ̀. Kẹ́ ẹ sì pa ètò tó ń fi oògùn ránṣẹ́ fúnra ẹ̀ yẹn lónìí.