Gbígbé Chiang Mai lóṣooṣù: rẹ́ǹtì ò wọ́n, owó iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé èló lèèyàn fi ń gbé Chiang Mai lóṣù kan, ẹ gbọ́ iye ẹ̀ ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé: bíi báàtì 22,000 (báàtì ni owó Thailand) ló ń tọwọ́ mi lọ lóṣù tí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, rẹ́ǹtì, iná, oúnjẹ, máṣíìnì, kọfí, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Láti 2024, àárín bíi báàtì 31 sí 37 ni dọ́là kan ti ń lọ sókè sódò, torí náà ẹ fojú bù ú sí bíi dọ́là 650. Èèyàn kan ṣoṣo ni mò ń sọ o, kì í ṣe ẹni tó kó ìyàwó àtọmọ dání. Ohun tí mo dẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí gan-an ni àwọn yàrá tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù ládùúgbò Santitham, torí ibẹ̀ ni mo gbé, ibẹ̀ náà ni mo máa ní kẹ́ni tó bá fẹ́ pẹ́ nílùú yẹn lọ.

Apá àríwá Thailand ni Chiang Mai wà, ìlú àtijọ́ ni, 1296 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n gbẹ́ yàrà yí àárín ìlú náà ká ní igun mẹ́rin, omi ṣì wà nínú yàrà ọ̀hún títí dòní. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Nimman ni gbogbo èèyàn máa ń júwe fún un, torí ibẹ̀ nilé kọfí pọ̀ sí, ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ń pè ní Maya wà níbẹ̀, yunifásítì ò dẹ̀ jìnnà. Ó dáa lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ yàrá tẹ́ ẹ máa gbà ní báàtì 6,000 tàbí 7,000 ní Santitham, irú ẹ̀ lè di 12,000 tàbí 15,000 ní Nimman, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ rìn láti ibì kan sí èkejì kò lè ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Pápákọ̀ òfurufú wà nínú ìlú gbangba, bàálù dẹ̀ máa ń kọjá lórí Nimman dáadáa, ẹni tó bá máa ń ṣe mítìn-ìn lórí kọ̀ǹpútà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

Báyìí ni yàrá náà ṣe rí. Ẹ máa bá bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ó le díẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà, fíríìjì kékeré, tábìlì, AC, balùwẹ̀ tó ní omi gbígbóná, àti bákónì kékeré tẹ́ ẹ lè sá aṣọ sí. Wáì-fáì máa ń wà nínú rẹ́ǹtì lọ́pọ̀ ilé, ó dẹ̀ yá. Nísàlẹ̀ ilé, ẹ̀rọ ìfọṣọ tí wọ́n ń ju kọ́ìnì sí wà níbẹ̀, ẹ̀rọ omi mímu náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ gbé jálá yín sábẹ́ ẹ̀, ẹ ju báàtì kan sí i, ó máa fún yín ní bíi lítà kan. Omi inú ọ̀rá tàbí inú ike tí ẹlòmíì ń rà lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven, ìnáwó tí ò pọn dandan ni. Ohun tí ò sí ni kíṣìnì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, torí àwa tá a fẹ́ràn ká dáná, yàrá tó wà ní irú owó yẹn kò ní kíṣìnì, ilé míì dẹ̀ wà tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ò gbọ́dọ̀ dáná nínú yàrá rárá. Èmi lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se ìrẹsì, mo sì bi wọ́n kí n tó rà á. Ọbẹ̀ ata díndín ò ṣeé gbé kalẹ̀ níbẹ̀, òórùn ẹ̀ á dé yàrá kẹta.

Ó wá ku owó iná, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Owó tí ìjọba Thailand ń gbà lórí yúníìtì kan nínú ilé jẹ́ bíi báàtì mẹ́rin, kékeré ló máa ń fi sókè tàbí wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń gba yàrá lóṣooṣù, onílé ló ń ka mítà yín fúnra ẹ̀, òun náà ló ń dá iye sí i, báàtì 7 tàbí 8 ni wọ́n sábà máa ń gbà, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń gba 9. Èyí tí mo gbé, 8 ni. Bébà tínńrín kan ni wọ́n máa ń ti sábẹ́ ilẹ̀kùn ní ìparí oṣù, nọ́ńbà mítà tòṣù tó kọjá lápá òsì, tòṣù yìí lápá ọ̀tún, wọ́n á yọ ọ̀kan nínú èkejì, wọ́n á wá fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀. December, tí òtútù ń mú lálẹ́ tí mi ò tan AC rárá, owó iná mi ò tó 500. Tó bá di April, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 38, AC ò ní kú lálẹ́, owó iná yàrá kan ṣoṣo yẹn wọ 2,500. Ẹ wò ó, ẹni tó gba yàrá 5,500 tí iná ẹ̀ jẹ́ 9, tó bá di àsìkò ooru, owó tó ń san lè ju tẹni tó gba yàrá 6,500 lọ níbi tí wọ́n ti ń gba iye tí ìjọba ń gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé iye tí wọ́n kọ síwájú ilé yẹn, ẹ má tíì dunnú sí i. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìyá tó jókòó ní ọ́fíìsì nísàlẹ̀ pé èló ni yúníìtì kan, kó tó mú kọ́kọ́rọ́ rárá. Owó omi ò ní ìṣòro, 100 sí 150 lóṣù, ó tán.

Dìpọ́sítì náà wà o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, wọ́n á gba dìpọ́sítì oṣù méjì pẹ̀lú rẹ́ǹtì oṣù àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé yàrá 6,500, 19,500 lẹ máa kó kalẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń wọlé. Tó bá jẹ́ oṣù kan sí oṣù kan, dìpọ́sítì lè jẹ́ oṣù kan péré, àmọ́ rẹ́ǹtì á fi nǹkan lé e. Ilé tí mo kọ́kọ́ gbé kí n tó kó wá sí Santitham, wọ́n yọ owó kíkùn ògiri nínú dìpọ́sítì mi, ògiri tó jẹ́ pé bó ṣe dọ̀tí ni mo ṣe bá a. Inú bí mi gan-an nítorí kò sí bí mo ṣe fẹ́ fi hàn wọ́n. Ní Santitham, mo ya fídíò gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá lọ́jọ́ tí mo wọlé, mo fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì lórí LINE, tó dà bíi WhatsApp lọ́dọ̀ wọn, níwájú ìyá yẹn, nígbà tí mo fẹ́ jáde wọ́n dá owó mi padà pé pérépéré. Ohun míì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè ni TM30, ìyẹn ìwé tí onílé fi ń sọ fún ìmígíréṣọ̀n pé àlejò ń gbé lọ́dọ̀ òun, láàárín wákàtí 24 tẹ́ ẹ bá dé ló yẹ kó ṣe é, tí kò bá ṣe é, ẹ̀yin lẹ máa rógo tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ fi kún ọjọ́ yín.

Oúnjẹ ni mo fẹ́ràn jù nílùú yẹn. Ọjà Thanin wà lẹ́bàá Santitham, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá olóúnjẹ á ti to abọ́ ọbẹ̀ kalẹ̀ lọ gbọnrangandan, wọ́n á bù ú sínú ọ̀rá, wọ́n á fi rọ́bà dì í lẹ́nu, báàtì 30 sí 40. Ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra yẹn, tí wọ́n ń pè ní khao niao, 10 báàtì fún ọ̀rá kékeré kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ẹ á bù ú, ẹ á rún un mọ́ra, ẹ á tì í bọ ọbẹ̀. Ọbẹ̀ wọn kan wà tó ń jẹ́ nam prik num, ata tútù tí wọ́n sun lórí iná tí wọ́n gún pẹ̀lú áyù àti àlùbọ́sà, ó ta dénú egungun, èmi ò lè pa á jẹ. Khao soi, ìyẹn núdù pẹ̀lú ọbẹ̀ àgbọn àti kọ́rì, 50 sí 70 báàtì. Ẹ̀yin mùsùlùmí, ẹ lọ sí àdúgbò mọ́ṣáláṣí Ban Haw, lẹ́bàá ọjà alẹ́ tí wọ́n ń pè ní Night Bazaar, àwọn mùsùlùmí tó ṣẹ̀ wá láti Yunnan ní Ṣáínà ló ń gbé ibẹ̀, khao soi oníhàláálì wà, ọjà kan dẹ̀ máa ń ná níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Ẹ fọkàn sí ìyẹn torí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ Chiang Mai, sọ́sèèjì wọn tí wọ́n ń pè ní sai ua, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ọjà Warorot lẹ ti máa rí edé gbígbẹ, ẹja gbígbẹ àti ata gbígbẹ lóríṣiríṣi. Gàrí ni mi ò rí rà ní ọjà kankan tí mo wọ̀, ó dẹ̀ máa ń yà mí lẹ́nu, torí Thailand wà lára àwọn tó ń ta ẹ̀gẹ́ síta jù láyé. Ká ṣáà sọ pé 8,500 lóṣù á bọ́ yín yó tẹ́ ẹ bá ń jẹ oúnjẹ wọn. Tó bá jẹ́ búrẹ́dì àti píà, bọ́gà àti písà ní Nimman lẹ fẹ́ máa jẹ, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ọkọ̀ wọn tó pọ̀ jù ni mọ́tò pupa kan báyìí tí wọ́n ń pè ní rot daeng, bíi kórópe ni, ẹ á kọjú síra yín lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ẹ̀, 30 báàtì láàárín ìlú, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ fún dírẹ́bà kẹ́ ẹ tó wọlé. Grab àti Bolt wà náà. Ẹni tó máa pẹ́, máṣíìnì ló máa háyà, 2,500 sí 3,500 lóṣù, epo ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ò bá ní láísẹ́ǹsì máṣíìnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gùn ún. Ọlọ́pàá máa ń dúró létí yàrà àti lójú ọ̀nà Huay Kaew, wọ́n á gbowó ìtanràn, ìyẹn ò tiẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀, èyí tó burú ni pé tẹ́ ẹ bá ṣubú, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ò ní san kọ́bọ̀, owó ọsibítù aládàáni ibẹ̀ dẹ̀ lè gbé owó ọdún kan lọ.

Ẹ̀yin tó jẹ́ páásìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ń lò, ẹ gbọ́dọ̀ gba físà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ti afẹ́ ọjọ́ 60 wà, ẹ lè fi ọjọ́ 30 kún un ní ìmígíréṣọ̀n ní 1,900 báàtì. Físà míì tó ń jẹ́ DTV, tí wọ́n gbé jáde ní July 2024, wà fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ òkèèrè, ọdún márùn-ún ni, ọjọ́ 180 nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá wọlé, àmọ́ wọ́n fẹ́ rí 500,000 báàtì nínú àkáǹtì yín. Ẹ má máa fa owó díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ATM o, tẹ́ ẹ bá fi káàdì ìlú míì fa owó, ọ̀pọ̀ bánkì máa ń yọ 220 báàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbàkígbà, ẹ fa tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo fún yàrá Santitham yìí ní 8 nínú 10. Méjì tí mo yọ, ọ̀kan torí owó iná, èkejì torí èéfín, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bi onílé kọ́ nìyẹn. Láti ìparí February títí wọ April, àwọn àgbẹ̀ máa ń sun pòròpórò àgbàdo nínú oko, igbó náà á máa jó, ti Myanmar àti Laos á tún fẹ́ wá, ìlú wà láàárín òkè, èéfín ò ríbi lọ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní March ni Chiang Mai máa ń wà lókè téńté nínú àwọn ìlú tí afẹ́fẹ́ wọn burú jù láyé. Òkè Doi Suthep tó jẹ́ pé ojú fèrèsé mi ni mo ti ń wò ó, ó pòórá pátápátá, ọ̀fun á máa ta yín, ojú á máa ṣepin. Rẹ́ǹtì máa ń wálẹ̀ lásìkò yẹn, wọ́n á tiẹ̀ máa bẹ̀ yín, ẹ má dá wọn lóhùn, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí tó ní ọmọ kékeré. Òjò náà ní tiẹ̀, ní October 2024 odò Ping kún dé àdúgbò Chang Khlan àti àyíká Night Bazaar, torí náà ẹ má gba yàrá ìsàlẹ̀ létí odò.

November lẹ máa wọ̀ ọ́. Òjò á ti dá, òtútù á ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọdún Yi Peng tí wọ́n ń tan fìtílà sójú ọ̀run máa ń bọ́ sínú oṣù yẹn. Ẹ gba oṣù kan lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wo bébà iná tòṣù yẹn, tó bá tẹ́ yín lọ́rùn ẹ fọwọ́ sí mẹ́ta sí i, kí ìwé náà parí kí February tó tán.