Àgbéyẹ̀wò Jane Eyre: Ogún ọdún ló fi jù ú lọ, síbẹ̀ ìfẹ́ wọn wọ̀ mí lọ́kàn

Èmi kì í ka ìwé ìfẹ́ tí ọkùnrin inú rẹ̀ bá ti tó bí obìnrin náà lọ́mọ. Ọmọ ọdún 19 ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà tí wọ́n fi í fún ọkùnrin tó ti lé ní 40, gbogbo ohun tó tẹ̀lé e ló sì ṣojú mi. Torí náà, nígbà tí ọmọ mi ra Jane Eyre bọ̀ láti ọjà Àgbálátà, tó ní ọmọ ọdún 18 ni Jane, pé ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ fi nǹkan bí 20 ọdún jù ú lọ, mo ní kó gbé e jìnnà sí mi. "Màámi, ẹ ṣáà kà á díẹ̀." Ó bẹ̀ mí títí mo fi gbà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kà á tán, oorun òru méjì ló sì bá a lọ.

Ẹ má retí Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré. Ọdún 1847 ni Charlotte Brontë gbé e jáde, orúkọ Currer Bell ló sì fi bojú. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní Màrínà wa níbí ní Àgbádárìgì, àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, ọdún méjì péré ló fi ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyà ọmọ aláìlóbìí ló kún orí mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ fara dà á. Láti orí 11, tí Jane ti wọ ilé Rochester, ọ̀gá rẹ̀ yẹn, láti máa kọ́ ọmọdé kan níwèé, n kò lè gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ẹnu ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ọ̀gá rẹ̀ bi í bóyá òun rẹwà, ó ní rárá, láì fepo bọyọ̀. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ fẹ́ra, ọkùnrin náà fẹ́ kó ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye àti aṣọ sílíìkì bò ó. Jane ò gbà. Ó ní òun á máa bá iṣẹ́ òun lọ, kó máa san £30 òun lọ́dọọdún. Ìyá Fairfax tó ń bójú tó ilé ló sọ ohun tó wà nínú mi: ó kìlọ̀ fún un pé 20 ọdún kì í ṣe kékeré, pé ọkùnrin náà tó bí i lọ́mọ. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun!"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́yà kan dìde pé ọkùnrin náà ní aya. Ìyàwó yẹn wà láàyè, orí rẹ̀ ti dàrú, òkè ilé ni ọkọ rẹ̀ tì í mọ́. Ló bá ń bẹ Jane pé kí wọ́n jọ lọ máa gbé nílẹ̀ òkèèrè. Mo pa ìwé náà dé níbẹ̀, àyà mi ń já. Irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló dá ẹ̀gbọ́n mi padà sílé ọkọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Jane dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, 20 ṣílè péré ló wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó lọ. Ó sùn síta gbangba, ó tọrọ oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ dà fún ẹlẹ́dẹ̀, kò padà.

Ẹni tó wá yí èrò mi padà gan-an ni St John, àlùfáà tó gbà á sílé. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò ju 30 lọ, ó rẹwà, ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ní ìlú wa yìí, tí a fi igi Àgíyà tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842 ń yangàn, wọ́n á ní ọkọ gidi ló dé. Ó fẹ́ kí Jane bá òun lọ sí Íńdíà gẹ́gẹ́ bí aya míṣọ́nnárì, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ni Ọlọ́run dá a fún, kì í ṣe ìfẹ́. Ẹni tó sún mọ́ ọn lọ́jọ́ orí nìyẹn o! Ọkùnrin yẹn ì bá lo ọmọ náà pa.

Nígbà tí Jane fi padà sọ́dọ̀ Rochester, ó ti jogún £20,000, ó sì ti pín in sọ́nà mẹ́rin fún àwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́ta àti ara rẹ̀. Iná ti jó ilé náà, ìyàwó òkè ilé ti kú. Rochester tó fẹ́ yọ ọ́ nínú iná ti fọ́jú, ó sì ti pàdánù ọwọ́ kan. Kò sẹ́ni tó rán Jane níṣẹ́. Ó ní owó tirẹ̀, ó níbi tó lè padà sí, ó sì jókòó tì í. Mo sunkún.

Ibì kan ṣì ń dùn mí. Jàmáíkà ni wọ́n ti gbé Bertha, ìyàwó yẹn, wá, £30,000 ni Rochester rí gbà pẹ̀lú rẹ̀, a ò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ títí tó fi kú. Olóko ńlá ni bàbá rẹ̀. Àwa tí a ń gbé ní èbúté tí wọ́n ti kó ẹrú mọ ẹni tó ń ro irú oko bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí òǹkọ̀wé kọjá lórí rẹ̀ wéré báyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi fún un ní mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún.

Ẹ̀dà tí a rà yìí, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́, ewé rẹ̀ sì ti ń já. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n mú un wá fún òun. Mo ń wá èyí tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, torí ojú rẹ̀ kì í ríran dáadáa mọ́ lálẹ́.